Wọ́n fagi lé gbèsè, àmọ́ owó wo ló kù sápò?

Ní December 2023, ìròyìn gbòde pé wọ́n ti dárí gbèsè bíi bílíọ̀nù 4.5 dọ́là ji orílẹ̀-èdè Sòmálíà. Ẹni tó bá kàn gbọ́ ọ lórí rédíò á rò pé owó rẹpẹtẹ ti wọlé fún wọn nìyẹn, pé tílẹ̀ bá fi máa mọ́ ìjọba ibẹ̀ á ti máa kọ́ ọsibítù káàkiri. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àtìgbà tí ìjọba Sòmálíà ti dojú dé ní 1991 ni wọn ò ti san gbèsè yẹn mọ́, èlé ló kàn ń gorí èlé nínú ìwé àwọn olówó, kò sẹ́ni tó ń san án, kò sẹ́ni tó ń gbà á. Téèyàn bá jẹ gbèsè tí kò san rárá, tí olówó wá ní òun ti fagi lé e, kò sí kọ́bọ̀ kan tó máa tìtorí ẹ̀ bọ́ sápò onígbèsè tí kò sí níbẹ̀ lánàá.

Ṣé ìdáríjì yẹn ò wúlò ni? Ó wúlò gan-an, ibi tó ti wúlò ni kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò. Báńkì Àgbáyé àti IMF, ìyẹn àjọ ìṣúná owó àgbáyé, kì í yá ẹni tó bá ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè tí àsìkò ẹ̀ ti kọjá lówó tuntun, torí náà bíi ọgbọ̀n ọdún ni Sòmálíà fi dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, owó tí irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ ì bá máa rí gbà déédéé kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ gbèsè náà tò ní March 2020 ni ilẹ̀kùn ṣí. Èrè tí wọ́n jẹ nìyẹn, ilẹ̀kùn tó ṣí, kì í ṣe bílíọ̀nù 4.5 dọ́là.

Mo fi èyí bẹ̀rẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ìdáríjì gbèsè yìí máa ń dìjà láàárín àwọn èèyàn, àwọn kan á ní kí wọ́n ṣáà fagi lé gbogbo ẹ̀ kí ìṣẹ́ tán, àwọn kan á ní iṣẹ́ òfò ni, wọ́n á tún lọ yá òmíì. Mo rò pé ohun tó ń da gbogbo wa láàmú ni pé iye gbèsè tó wà nínú ìwé la máa ń wò, a kì í wo iye owó tó ń jáde lápò ìjọba lọ́dọọdún. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó wà nínú ìwé ló máa ń wà lẹ́nu àwọn oníròyìn, èyí tó ń jáde lápò ló ń gbé owó oṣù tíṣà àti owó oògùn lọ. Tẹ́ ẹ bá ti di ìyàtọ̀ yìí mú, ọ̀pọ̀ nǹkan tó jọ pé ó rújú á yé yín.

Kí la tiẹ̀ ń pè ní gbèsè orílẹ̀-èdè ná? Ìjọba ló ń yá a, ó lè yá a lọ́wọ́ ìjọba bíi tiẹ̀, ó lè yá a lọ́wọ́ àwọn àjọ ńlá bíi Báńkì Àgbáyé àti IMF, ó sì lè yá a lọ́wọ́ àwọn aládàáni, ìyẹn àwọn báńkì àtàwọn tó ń ra bọ́ǹdì. Àwọn ìjọba tó ti ń yáni lówó láti ayébáyé ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Paris Club, láti 1956 tí Ajẹntínà ti wá bá wọn dúnàádúrà ní Paris ló ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ǹdì ní tiẹ̀, ìwé ni, ìjọba tà á fún ẹni tó bá lówó, ó ní yá mi lónìí, màá máa fún ẹ ní èlé títí di ọdún báyìí, lọ́dún náà màá dá odindi owó ẹ padà. Ẹni tó rà á lè tà á fún ẹlòmíì, ẹni yẹn náà lè tún un tà, títí orílẹ̀-èdè tó jẹ gbèsè ò fi ní mọ ẹni tí òun jẹ lówó mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ya gbèsè orílẹ̀-èdè sọ́tọ̀ sí tèmi àti tìẹ. Èèyàn tàbí kọ́ńpìnì tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn, ọ̀pọ̀ ibi láyé ni ilé ẹjọ́ ti wà tó máa pe gbogbo àwọn olówó jọ, tó máa pín ohun tó kù fún wọn, tó sì máa ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó lọ bẹ̀rẹ̀ ayé ẹ̀ lákọ̀tun. Orílẹ̀-èdè ò ní irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Ọ̀dọ̀ olówó kọ̀ọ̀kan ló máa lọ bẹ̀, olówó kọ̀ọ̀kan sì ń wo ẹnìkejì pé kó kọ́kọ́ dín tiẹ̀. Èmi ò rí ohun tó ń fa wàhálà jùyẹn lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó yẹ kó parí láàárín oṣù mélòó kan máa ń di ọdún gbọọrọ.

Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe kó sí i? Ọ̀rọ̀ gígùn ni, mo kàn fẹ́ sọ ìwọ̀nba. Ní 1973 owó epo rọ̀bì fò sókè, àwọn orílẹ̀-èdè elépo kó dọ́là lọ sí báńkì Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn báńkì yẹn wá ń wá ẹni tí wọ́n máa yá a, wọ́n sì rí i láwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Èlé ò pọ̀ nígbà yẹn àmọ́ èlé tó ń lọ sókè sódò ni, kì í dúró lójú kan. Ní 1979 Paul Volcker di olórí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ó fẹ́ pa ọ̀wọ́n gógó tó wà lórílẹ̀-èdè tiẹ̀, ló bá jẹ́ kí èlé gòkè títí ó fi sún mọ́ ìdá 20 nínú 100 ní 1981, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ti yá owó lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ní ìlú òkèèrè ń wo gbèsè ẹ̀ tó ń wú láìtún yá kọ́bọ̀ kún un. Àsìkò yẹn náà ni iye tí wọ́n ń ra bàbà, kófí àti kòkó já wálẹ̀. Ní August 1982 Mẹ́síkò kéde pé òun ò lè san mọ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ìdáríjì, wọ́n kàn ń sún ọjọ́ síwájú ni. Èlé tí orílẹ̀-èdè ò rí san lọ́dún yìí, wọ́n á kó o kún gbèsè, èlé tuntun á tún gorí ẹ̀, owó ìtanràn á tún gorí ìyẹn. Bó ṣe rí fún Nàìjíríà náà nìyẹn, tó fi jẹ́ pé nígbà tó fi máa di 2005, ó jẹ Paris Club ní bíi bílíọ̀nù 30 dọ́là, apá tó pọ̀ nínú ẹ̀ sì jẹ́ èlé àti ìtanràn, kì í ṣe owó tí wọ́n yá gan-gan. Ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná ẹ̀, bá wọn ṣe àdéhùn ní October 2005, Nàìjíríà san bíi bílíọ̀nù 12, wọ́n fagi lé bílíọ̀nù 18. Nígbà náà bíi bílíọ̀nù 1 dọ́là ni ìjọba àpapọ̀ àtàwọn ìpínlẹ̀ ń san lọ́dún. Ẹ wá wò ó, ẹni tó ń san bílíọ̀nù 1 lọ́dún kó bílíọ̀nù 12 jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ó lérè? Àwọn kan bínú sí i gan-an nígbà yẹn. Èmi rò pé ó lérè, torí owó epo pọ̀ lọ́wọ́ lákòókò yẹn, gbèsè yẹn ò sì ní dẹ̀yìn nínú wíwú lọ́dọọdún tí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Àmọ́ mo gbà pé ìbéèrè gidi ni, ẹni tó ń bi í kì í ṣe ọ̀tá ìlú.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìyàtọ̀ tí mo sọ lókè, torí ibẹ̀ ni ẹran wà.

Báńkì Àgbáyé ní ẹ̀ka kan tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù lówó, IDA ni wọ́n ń pè é. Irú owó tí wọ́n yá wọn láyé ìgbà yẹn, ogójì ọdún ni wọ́n fi ń san án, ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọn ò ní san kọ́bọ̀ nínú owó gan-an, owó iṣẹ́ tí kò tó ìdá 1 nínú 100 lọ́dún, ìyẹn 0.75, ni wọ́n kàn ń san. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ gbà pé owó tó bá wà lọ́wọ́ lónìí lè mú ìdá 5 nínú 100 wọlé lọ́dún, 100 dọ́là irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kì í wúwo ju bíi 40 dọ́là òní lọ, torí pé wọ́n á ti pẹ́ gan-an kí wọ́n tó san èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá wá fagi lé 100 dọ́là yẹn, 100 làwọn oníròyìn máa kọ, ẹrù 40 ló kúrò lórí onígbèsè. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ǹdì 100 dọ́là tí èlé ẹ̀ jẹ́ 9, tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá odindi ẹ̀ padà lọ́dún méjì sí i. Inú ìwé kan náà ni méjèèjì wà, 100 ni wọ́n kọ sí iwájú ìkọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọ̀kan ń pani, ọ̀kan ò pani.

Ìtàn Bòlífíà ló máa jẹ́ kó hàn kedere bí ìrànlọ́wọ́ gbèsè ṣe lè kọjá lọ láìkan onígbèsè rárá. Ní 1988 Bòlífíà jẹ àwọn báńkì ilẹ̀ òkèèrè ní mílíọ̀nù 670 dọ́là. Kò sẹ́ni tó gbà pé wọ́n máa san án, torí náà níbi tí wọ́n ti ń ta irú ìwé gbèsè bẹ́ẹ̀, sẹ́ǹtì 6 ni wọ́n ń ra gbèsè dọ́là 1, èyí túmọ̀ sí pé bíi mílíọ̀nù 40 dọ́là ni gbogbo mílíọ̀nù 670 yẹn tó lójú ọjà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣàánú, wọ́n dá mílíọ̀nù 34 dọ́là jọ kí Bòlífíà fi ra gbèsè ara ẹ̀ padà lọ́jà. Ó rà á lóòótọ́, mílíọ̀nù 308 kúrò nílẹ̀, ó ku mílíọ̀nù 362. Ó dùn ún gbọ́ àbí? Àmọ́ bí gbèsè ṣe dín kù, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí èyí tó kù san, ni owó ìwé gbèsè bá gòkè láti sẹ́ǹtì 6 sí sẹ́ǹtì 11. Ẹ fi sẹ́ǹtì 11 lu 362, bíi mílíọ̀nù 40 náà ló tún jẹ́. Lẹ́nu kan, kó tó di pé wọ́n rà á, gbèsè tó wà lọ́wọ́ àwọn báńkì tó mílíọ̀nù 40, lẹ́yìn tí wọ́n rà á tán, èyí tó kù lọ́wọ́ wọn ṣì tó mílíọ̀nù 40, mílíọ̀nù 34 tí wọ́n dá wá bọ́ sí àpò wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Jeremy Bulow àti Kenneth Rogoff, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, ló ṣe ìṣirò yìí. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń dáwó fún ọ̀rọ̀ gbèsè mọ̀ ọ́n lórí, mi ò fi ṣeré.

Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo ìdáríjì rí báyẹn o. Ti Bòlífíà kùnà torí pé gbèsè tí wọn ò san ni wọ́n ná owó gidi lé lórí, tí wọ́n sì rà á lójú ọjà, níbi tí àwọn olówó ti lè jókòó kí iye ẹ̀ gòkè. Èyí tó yàtọ̀ ni ètò tí Báńkì Àgbáyé àti IMF bẹ̀rẹ̀ ní 1996, tí wọ́n ń pè ní HIPC, fún àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà tí gbèsè sì pọ̀ lọ́rùn wọn. Ó kọ́kọ́ falẹ̀ gan-an. Ní May 1998 bíi 70,000 èèyàn di ara wọn lọ́wọ́ mú yíká àárín ìlú Birmingham níbi tí àwọn olórí G8, ìyẹn orílẹ̀-èdè ńlá mẹ́jọ, ti ń ṣèpàdé, ẹgbẹ́ Jubilee 2000 tó ń jà pé kí wọ́n fagi lé gbèsè ló pè wọ́n jáde, ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n fẹ ètò náà lójú sí i, nígbà tó sì di July 2005 ní Gleneagles ní Scotland, àwọn olórí G8 gbà pé kí wọ́n fagi lé odindi gbèsè àtijọ́ tí àwọn tó bá parí ètò náà jẹ Báńkì Àgbáyé, IMF àti Báńkì Ìdàgbàsókè Áfríkà. Di 2023, orílẹ̀-èdè 37 ló ti parí ẹ̀, Sòmálíà ló ṣìkẹtàdínlógójì, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ilẹ̀ Áfríkà, àpapọ̀ ìdáríjì náà sì lé ní bílíọ̀nù 100 dọ́là.

Ó ṣe wọ́n lóore, èmi ò ní fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ lórí ìyẹn. IMF fúnra ẹ̀ sọ pé kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, owó tí àwọn orílẹ̀-èdè yìí fi ń san gbèsè ju èyí tí wọ́n ń ná lórí ìlera àti ẹ̀kọ́ papọ̀ lọ díẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ó wá dìdàkejì, ti ìlera àti ẹ̀kọ́ wá fi ìlọ́po ìlọ́po jù ú lọ. Ùgáńdà ni ó kọ́kọ́ dé ìparí ètò náà, ní 1998. Lọ́dún kan ṣáájú ló ti fagi lé owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tó wà ní kíláàsì fò láti bíi mílíọ̀nù 3 sí ohun tó ju mílíọ̀nù 5 lọ, owó gbèsè tí wọn ò san mọ́ ni wọ́n sì dà sínú àpò ọ̀tọ̀ kan tí wọ́n ń fi sanwó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tànsáníà ṣe tiẹ̀ ní 2001. Ní Sáḿbíà, April 2006, wọ́n ní kí àwọn ará abúlé má san owó ilé ìwòsàn mọ́.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ètò náà ti mú wọn lọ́rùn. Kí orílẹ̀-èdè tó rí ìdáríjì gbà, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ètò IMF fún ọdún bíi mélòó kan, ètò yẹn sì máa ń sọ fún ìjọba pé kó fún àmùrè ẹ̀ pọ̀. Sáḿbíà gba àṣẹ pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíṣà tó ti kàwé jáde ń jókòó sílé láìríṣẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ kún kíláàsì fọ́fọ́. Èmi ò lè gbà pé ìyẹn dáa. Ẹni tó ń sọ pé kí ọmọ lọ síléèwé ló tún ń sọ pé kí wọ́n má gba tíṣà.

Sáḿbíà tí mo wá dárúkọ yìí gan-an, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e díẹ̀, torí gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ló kó wọlé sí i. Lẹ́yìn ìdáríjì 2005 àti 2006, gbèsè ilẹ̀ òkèèrè ìjọba ẹ̀ já láti bíi bílíọ̀nù 7 dọ́là wá sí ohun tí kò tó bílíọ̀nù 1. Kò tíì fi ara balẹ̀ tán tí kọ́ńpìnì kan tó ń jẹ́ Donegal International fi gbé e lọ sílé ẹjọ́ gíga ní London. Gbèsè tó fa ẹjọ́ yẹn, Ròmáníà ló yá Sáḿbíà lówó ní 1979 láti fi ra àwọn katakata àtàwọn nǹkan iṣẹ́ oko, Donegal wá ra ìwé gbèsè náà lọ́wọ́ Ròmáníà ní 1999 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là àti díẹ̀, ó wá ń béèrè mílíọ̀nù 55. Ní 2007 ilé ẹjọ́ ní kí Sáḿbíà san bíi mílíọ̀nù 15. Irú àwọn kọ́ńpìnì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní igúnnugún, wọ́n máa ń dúró kí àwọn yòókù dárí jì, kí owó díẹ̀ wá kù sápò onígbèsè, kí wọ́n wá balẹ̀ lé e. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní 2010 pé irú wọn ò gbọ́dọ̀ gbà ju ìwọ̀n tí HIPC fi sílẹ̀ lọ lórí gbèsè àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí òfin yẹn, kékeré ni, àmọ́ ó kan ibi tó yẹ kó kàn.

Lẹ́yìn náà ni ti gbígbà tuntun. Ní 2012 Sáḿbíà ta bọ́ǹdì dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 750, èlé ẹ̀ ò tó ìdá 6, àwọn olówó kó ara wọn jọ láti rà á. Ó tún ta bílíọ̀nù 1 ní 2014, ó tún ta bílíọ̀nù 1.25 ní 2015, èlé ti ń sún mọ́ 9 nígbà yẹn. Láàárín àsìkò kan náà ó ń yá owó lọ́wọ́ Ṣáínà fún títì, fún iná mànàmáná, fún pápákọ̀ òfuurufú. Bàbà ló ń tà sókèèrè jù, iye tí wọ́n ń ra bàbà já ní 2015, owó kwacha wọn náà já, gbèsè tó jẹ́ dọ́là wá wúwo ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ lójú ẹni tó ń gba owó orí ní kwacha. November 2020, èlé mílíọ̀nù 42.5 dọ́là tó yẹ kó san lórí bọ́ǹdì, kò rí i san. Gánà náà, tó ti gba ìdáríjì ní 2004, dáwọ́ sísan dúró ní December 2022.

Ibí làwọn tó ń ta ko ìdáríjì máa ń dúró lé. Wọ́n á ní ṣé ẹ ti rí i, àwọn tẹ́ ẹ dárí jì náà ló tún padà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe òfo. William Easterly, tó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé rí, fi hàn pé láàárín 1989 sí 1997, bílíọ̀nù 33 dọ́là ni wọ́n dárí ẹ̀ ji orílẹ̀-èdè 41 tó tálákà, bílíọ̀nù 41 ni wọ́n sì yá tuntun láàárín ọdún yẹn kan náà. Ìyẹn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àmọ́ ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, ta ló yá wọn? Kò sẹ́ni tó ń dá gbèsè jẹ, ẹni tó jẹ ẹ́ wà, ẹni tó yáni náà wà. Ẹ rántí Mobutu tó jẹ́ ààrẹ ní Kóńgò, tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà. Àwọn olówó rán Erwin Blumenthal lọ láti òkèèrè ní 1978 pé kó lọ tún báńkì àpapọ̀ wọn ṣe, ní 1982 ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé ìwà ìbàjẹ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí ìrètí pé àwọn tó yá wọn lówó máa rí i gbà padà. Wọ́n ka ìwé yẹn, wọ́n sì ń yá Mobutu lówó lọ. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ni wọ́n ń béèrè owó náà lọ́wọ́ wọn títí di 2010 tí ìdáríjì fi dé. Tí a bá ń sọ pé ìdáríjì máa ń sọ onígbèsè di aláìbìkítà, ó yẹ ká sọ ọ́ fún olówó náà, torí ẹni tó mọ̀ pé ẹlòmíì máa wá san gbèsè náà, kò ní wo ẹni tó ń yá lówó lójú dáadáa.

Ìdí mìíràn tí àwọn tó padà sínú gbèsè fi padà ò le: ìdáríjì náà gbá gbèsè àtijọ́ kúrò nílẹ̀, kò kan ohun tó ń fa gbèsè. Orílẹ̀-èdè tó ń ta nǹkan kan ṣoṣo sókèèrè, tí kì í dá iye tí wọ́n máa rà á, tó sì ń yá dọ́là, ọdún tí iye yẹn bá já, gbèsè ń dúró dè é. Ó tún wá jẹ́ pé ìdáríjì gan-an ló jẹ́ kí ojú wọn mọ́ lójú àwọn olówó tuntun, ẹni tí gbèsè ẹ̀ kéré ló rọrùn láti yá lówó. Ibi tí mo ti yapa sí àwọn tó ní kí wọ́n má dárí jì mọ́ nìyẹn, torí àìdáríjì ò yí èyíkéyìí nínú nǹkan yìí padà.

Ṣé ìdáríjì máa ń jẹ́ kí ọrọ̀ ajé dàgbà? Àwọn tó ṣèwádìí ò tíì fohùn ṣọ̀kan, ìdí ẹ̀ sì yé mi: ọdún tí ọ̀pọ̀ ìdáríjì HIPC bọ́ sí, ọdún yẹn náà ni wọ́n ń ra bàbà, epo àti irin lówó gọbọi, torí Ṣáínà ń rà gan-an. Ta ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀? Ohun tó dá mi lójú ni ti ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, torí bọ́jẹ́ẹ̀tì ṣeé kà. Jámánì náà wà nínú ìtàn: ní 1953, ní London, wọ́n fagi lé bíi ìdajì gbèsè ilẹ̀ òkèèrè ẹ̀, wọ́n fún un ní ọ̀pọ̀ ọdún láti san èyí tó kù, ó sì dìde. Kì í ṣe gbèsè nìkan ló gbé e dìde, àmọ́ kò sẹ́ni tó wí fún un nígbà yẹn pé ó máa tún lọ yá.

Lásìkò Kòrónà, G20, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi, fi ètò kan sílẹ̀ láti May 2020 sí December 2021, orílẹ̀-èdè 48 ló bá wọn dá sí i, wọ́n sún sísan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là síwájú. Wọ́n sún un síwájú ni o, wọn ò dárí ẹ̀ jì, àwọn aládàáni tó ní bọ́ǹdì lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá sí i rárá, tó fi jẹ́ pé owó tí ìjọba kan fi sílẹ̀ lè ti ẹ̀yìn bọ́ sọ́wọ́ oní-bọ́ǹdì. Ètò tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní Common Framework, òun ni Sáḿbíà fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Wọ́n ti ń retí Paris Club, Ṣáínà, àtàwọn oní-bọ́ǹdì pé kí wọ́n jọ gbà, kálukú ń wo kálukú. June 2023 kí àwọn ìjọba tó gbà, 2024 kí àwọn oní-bọ́ǹdì tó gbà. Ọdún mẹ́ta nínú ayé ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ìjọba yẹn fún Sáḿbíà lórí bílíọ̀nù 6.3 dọ́là tó jẹ wọ́n. Wọn ò gé dọ́là kan kúrò nínú owó tó wà nínú ìwé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ní kó máa san án títí di 2043, wọ́n já èlé ẹ̀ wá sí ìdá 1 nínú 100 títí di 2037, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìsinmi. Tí ọrọ̀ ajé ẹ̀ bá wá gbèrú ju bí wọ́n ṣe rò lọ, á san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wo ìwé nìkan á ní wọn ò dárí nǹkan kan jì í. Sòmálíà tí wọ́n fagi lé bíi bílíọ̀nù 4.5 fún, kò rí owó tó ń san tẹ́lẹ̀ tí kò ní san mọ́. Sáḿbíà tí wọn ò fagi lé dọ́là kan fún, owó gidi ló ń kù sápò ẹ̀ lọ́dọọdún báyìí.